Eré Àsápajúdé: Pápá Yàtọ̀ sí Títì

Láàárín àwa ọmọ Yorùbá tí a jọ ń kàwé ní Prince George's County yìí, ọ̀rọ̀ kan ti gbilẹ̀. Bí ẹnì kan bá ti ṣiṣẹ́ nínú ọlidé, tí ó sì ra ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ le, kò ní pẹ́ tí àwọn ọ̀rẹ́ yóò fi máa bi í pé ìgbà wo ni yóò gbé e lọ sí pápá. Pápá tí wọ́n ń wí ni ibi tí ẹni tí kì í ṣe akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ti lè sanwó, kí ó fi ọkọ̀ ara rẹ̀ sáré láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Kì í ṣe ìdíje, kò sí ife-ẹ̀yẹ. Síbẹ̀, jàǹbá ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. A kò wí pé kí ẹnikẹ́ni má lọ. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ ohun tí ó mú kí ọkọ̀ tí ó pòòyì ní pápá sábà máa di ẹ̀rín, tí èyí tí ó pòòyì ní títì sì ń di ẹkún.

Bí ènìyàn bá dé pápá, wọn yóò kọ́kọ́ yẹ ọkọ̀ rẹ̀ wò: bíréèkì, táyà, nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ ọkọ̀, àti bóyá bátìrì so dáadáa. A ó kó gbogbo ẹrù inú ọkọ̀ sílẹ̀, títí kan ìgò omi, nítorí ìgò tí ó bá yí wọ abẹ́ bíréèkì lè pa ènìyàn. A ó dé akoto, a ó sì gbọ́ àlàyé àsíá. Aláwọ̀ ìyeyè ni kí a ṣọ́ra, kí a má sì ya ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Pupa ni kí a dúró. Dúdú ni kí a wọlé wá gbọ́ ẹjọ́ wa. Ẹni iwájú ni yóò na ọwọ́ láti fún ẹni ẹ̀yìn láyè kí ó tó kọjá. (Ẹ fojú inú wo èyí ní Ojúẹlẹ́gbà!)

Ní kọ́nà ni wàhálà sábà máa ń wà. Awakọ̀ yóò wọ kọ́nà, ẹ̀rù yóò bà á, yóò sì yọ ẹsẹ̀ kúrò lórí gáàsì lójijì. Ìwúwo ọkọ̀ yóò sún síwájú, táyà ẹ̀yìn yóò fúyẹ́, ìdí ọkọ̀ yóò sì fò síta. Nígbà mìíràn, táyà méjì ni yóò bọ́ sí koríko, awakọ̀ yóò sì já sítíárìn padà. Bí táyà bá ti tún di ọ̀dà mú, ọkọ̀ yóò ré kọjá sí òdì kejì bí ọfà. Èyí ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe ọ̀rẹ́ wa kan. Olùkọ́ tí ó jókòó tì í ni ó kígbe pé, "Má fà á! Jẹ́ kí ó lọ!" Ó di sítíárìn mú gbọnin, ọkọ̀ sáré lọ nínú koríko títí ó fi rọlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni a fi ń pè é ní Àgbẹ̀.

Ṣùgbọ́n koríko wà fún Àgbẹ̀ láti sá lọ. Kò sí igi níbẹ̀, pàtàkì jù lọ, kò sí òǹwòran. Àwọn ará Yúróòpù fi ojú rí ohun tí òǹwòran lè fojú winá ní Le Mans ní 1955, nígbà tí ọkọ̀ kan fò wọ àárín èrò, tí ó lé ní ọgọ́rin ènìyàn tí ó kú.

Tiwa kò jìnnà. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru, ọjọ́ 16, oṣù kejì, ọdún 2008, àwọn ènìyàn péjọ sí Indian Head Highway ní Accokeek, ní county wa níhìn-ín, láti wo àwọn tí ń fi ọkọ̀ díje lójú títì. Nígbà tí àwọn ọkọ̀ gbéra, èéfín táyà bo ibẹ̀, àwọn òǹwòran sì bọ́ sójú ọ̀nà kí wọ́n lè rí wọn bí wọ́n ti ń lọ. Ford Crown Victoria kan já wọ àárín wọn. Ènìyàn 8 ni ó kú. Òǹwòran ni gbogbo wọn. Kò sí alásíá tí yóò dá ọkọ̀ dúró, kò sí ohunkóhun láàárín èrò àti ọ̀dà.

Ohun tí ó ká wa lára ni pé county yìí ti ní pápá rí. Marlboro, lẹ́bàá Upper Marlboro, bẹ̀rẹ̀ ní 1952. Ibẹ̀ ni àwọn tí kì í ṣe akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ti ń sáré kí ó tó kú ní 1969. Ti Beltsville ṣí ní 1965, ó sì tì ní 1978. Orí ilẹ̀ rẹ̀ ni Capitol Technology University wà lónìí. Àwọn tí ń sáré ní Marlboro kó lọ sí Summit Point ní West Virginia, tí ó lé ní ọgọ́ta máìlì sí wa. A kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé bí Marlboro bá ṣì wà, àwọn mẹ́jọ wọ̀nyí kì bá tí kú. Ẹni tí ó fẹ́ òru àti ariwo kò ní wá alásíá. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tí kò ju pé kí ó mọ agbára ọkọ̀ rẹ̀ lọ, títì ni ó sún mọ́ ọn jù.

Ẹni tí ó bá ń lọ, kí ó pààrọ̀ ọ́ìlì bíréèkì kí ó tó lọ, nítorí èyí tí ó ti gbó tètè máa ń hó, ẹsẹ̀ yóò sì kanlẹ̀ láìjẹ́ pé ọkọ̀ dúró. Kí ó tún ka ìwé àdéhùn adójútòfò rẹ̀ dáadáa; ọ̀pọ̀ wọn ni kì í san kọ́bọ̀ fún ọkọ̀ tí ó bàjẹ́ ní pápá. Àwọn tí ó bá fẹ́ kí a jọ lọ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé lẹ́yìn ìpàdé. Akoto méjì wà tí a lè yá yín.