Kí Ló Wà Lábẹ́ Ìró Màmá Àgbà?



Nígbà ìsinmi, mo wọ girdle lọ síbi ìgbéyàwó kan ní Ọ̀yọ́. Àwòrán ara páálí rẹ̀ ló wọ̀ mí lójú: ìbàdí obìnrin náà tín-ín-rín bíi ti agbọ́n. Nígbà tí wọ́n gbé àmàlà dé, mi ò lè jẹ ju òkèlè mẹ́ta lọ. Mímí gan-an di iṣẹ́.

Mo ròyìn fún màmá àgbà mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Àwa náà wọ aṣọ abẹ́ o, ṣùgbọ́n tiwa kì í fún èèyàn pa." Ni wọ́n bá mú tòbí jáde nínú àpótí.

Tòbí ni àwọn ìyá wa máa ń wọ̀ sábẹ́ ìró. Kíjìpá tó nípọn ni ti màmá. Okùn wà ní etí rẹ̀ lókè tí wọ́n ń so mọ́ ìbàdí. Bí atẹ́gùn bá ṣí ìró, tòbí á bo àṣírí. Ó tún ní àpò. Ibẹ̀ lowó ọjà ń gbé.

Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí náà ńkọ́? Lágídígba dúdú wà nínú wọn, èyí tí wọ́n fi èèpo líle ara èkùrọ́ ṣe. Láti kékeré ni ọmọbìnrin ti ń wọ ìlẹ̀kẹ̀. Bó bá ń sanra, ìlẹ̀kẹ̀ á fún un, ìyá á sì tún un sín. Bó bá ń rù, ìlẹ̀kẹ̀ á dẹ̀. Nígbà tí páàdì ò tíì sí, òun náà ló ń di aṣọ nǹkan oṣù mú. Ta ló ń polówó rẹ̀? Dídún rẹ̀ nígbà tí obìnrin bá ń rìn ti tó.

Ọ̀tọ̀ ni ti òkè òkun. Ní nǹkan bí 150 ọdún sẹ́yìn, corset làwọn obìnrin Gẹ̀ẹ́sì ń wọ̀. Wọ́n á rán irin tẹ́ẹ́rẹ́ sínú aṣọ, wọ́n á wá fa okùn rẹ̀ le. Ìwé ìròyìn ló ń gbé àwòrán ìbàdí tín-ín-rín jáde kí wọ́n lè rà á. Ní 1914, Mary Phelps Jacob gba ìwé ẹ̀tọ́ ìjọba ní Amẹ́ríkà fún aṣọ àyà tí kò ní irin. Aṣọ ìnujú méjì àti rípọ́ọ̀nù ló fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Irú rẹ̀ là ń pè ní kọ́mú lónìí. Ẹ ò gbọ́ "ọmú" nínú orúkọ náà?

Ní báyìí, orí fóònù ni ìpolówó wà. Wọ́n ní waist trainer á tẹ́ ikùn. Bó o bá bọ́ ọ, ikùn á padà síbi tó wà. Bó bá sì fún jù, ẹ̀dọ̀fóóró ò ní ráyè fẹ̀, oúnjẹ kíkan inú ikùn sì lè máa ru sókè sí ọ̀nà ọ̀fun.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kẹ́ ẹ tó ra èyíkéyìí, ẹ bi í pé: kí lo fẹ́ ṣe fún mi? Tòbí ń bo àṣírí, ó ń ṣọ́ owó. Ìlẹ̀kẹ̀ ń sọ bí ara ṣe wà. Èyí tí ò bá jẹ́ kẹ́ ẹ jókòó, kẹ́ ẹ jẹun, kẹ́ ẹ mí kanlẹ̀, ẹ bọ́ ọ sílẹ̀. Àwọn àgbà ṣáà ti ní, ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ara tiwa náà yẹ ní kíkẹ́.

Màmá ti fún mi ní tòbí náà. Ẹni tó bá fẹ́ rí i, kó wá bá mi ní bíréèkì.