Àtíbàbà Aṣọ: Yíyan Aṣọ àti Ìgbátí Rẹ̀

Ẹ̀yin olùwòran wa, ohun tí a ó gbé yẹ̀ wò lónìí ni àtíbàbà aṣọ, èyí tí à ń ta sókè ojú fèrèsé tàbí iwájú ilé. Ní Ọjọ́ta, ilé tí ó bá kọjú sí ọ̀nà Ìkòròdù ní ọ̀tá mẹ́ta: oòrùn, òjò, àti eruku pẹ̀lú èéfín ọkọ̀. Síbẹ̀, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá dé ọjà, ẹwà nìkan ni ojú wọn ń wá. Ẹwà tí kò lè dúró síta, owó ìsọnù ni.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí aṣọ òwú. Òwú a máa mu omi. Bí òjò oṣù kẹfà bá rin ín gbindingbindin tí kò ráyè gbẹ, yóò bu, yóò sì rà. Àwọ̀ tí a fi rẹ ẹ́ náà kì í pẹ́ ṣá nínú oòrùn. Ní ọdún 1961, ilé-iṣẹ́ Glen Raven ní Amẹ́ríkà gbé aṣọ acrylic kan jáde láti rọ́pò òwú, wọ́n pè é ní Sunbrella. A ti po àwọ̀ mọ́ èròjà irú aṣọ yìí kí ó tó di okùn, gẹ́gẹ́ bí a ti í po epo mọ́ ẹ̀gẹ́ kí a tó yan gààrí pupa. Ní ti tapólì tí a fi rọ́bà bò, omi kì í gba inú rẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n ooru a máa há sábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀ṣọ́ wá ńkọ́? Wajawaja tí ń mì létí agbòòrùn ọba wuni púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọba bá wọlé, a ó pa agbòòrùn dé. Àtíbàbà ni yóò sùn síta. Nítorí náà, ó sàn kí a gé ìgbátí láti ara aṣọ kan náà, kí a sì fi okùn polyester rán an. Bí okùn òwú ni, ojú rírán yóò já kí aṣọ tó gbó.

Ẹ má ṣe ta á ní pẹrẹsẹ. Bí ó bá yọ síta ní ẹsẹ̀ bàtà 4, kí etí rẹ̀ rẹlẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 1. Omi lítà 20 tí ó bá dúró lórí rẹ̀ wúwo tó kílò 20, ó sì lè já lu ọmọ tí ń ṣeré nísàlẹ̀. Ẹ má sì dáná sábẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ gé aṣọ kan sí ọ̀nà méjì: ẹ fi ọ̀kan sínú àpótí, ẹ so èkejì síta fún oṣù mẹ́ta. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá fi wọ́n wé ara wọn, wọn yóò mọ èyí tí ó yẹ kí a náwó lé.