Láptọ́ọ̀pù tó ń kú lọ ní Achara Layout: ká tún un ṣe ni, àbí ká ra òmíràn?

Ìmọ̀ràn kan gbajúmọ̀ lókè òkun: bí owó àtúnṣe láptọ́ọ̀pù bá ti ju ìdajì iye tí tuntun ń tà lọ, kí olówó rẹ̀ pa á tì kó ra òmíràn. Ó bọ́gbọ́n mu níbi tí òmíràn náà bá ti jẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú páálí, tí iléeṣẹ́ tó ṣe é sì ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀ fọ́dún kan. Ṣùgbọ́n ní Achara Layout nílùú Enugu, bíi ti ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Nàìjíríà, tòkunbọ̀ ni agbára ọ̀pọ̀ èèyàn ká. Ẹni tó fi tòkunbọ̀ rọ́pò ẹ̀rọ rẹ̀ ń fi àìsàn tó mọ̀ gba èyí tí kò mọ̀ ni. Lójú tèmi, ká tó béèrè iye owó, ó yẹ ká kọ́kọ́ mọ ẹ̀yà tó kú gan-an.

Ẹ wo ohun tí wọ́n rí ní èbúté Èkó. Lọ́dún 2015 àti 2016, Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti ibùdó Àdéhùn Basel (àdéhùn àgbáyé lórí ìdọ̀tí eléwu) tó wà n'Ìbàdàn yẹ onírúurú àlòkù ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ tó ń gba ibẹ̀ wọlé wò. Nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ló ń wọlé lọ́dún kan, nígbà tí wọ́n sì dán wọn wò, ó kéré tán, 19 nínú 100 ni kò ṣiṣẹ́. Ká tàn án ká wò ó lásán nìyẹn o. Kò sọ fún wa bí bátìrì tàbí dísìkì àwọn tó ṣiṣẹ́ ṣe kù sí.

Bátìrì gan-an ló yẹ ká dúró lé lórí. Bátìrì lithium inú láptọ́ọ̀pù sábà máa ń gba iná kún, kó sì tún gbẹ, ní ìgbà 300 sí 500 kí agbára rẹ̀ tó jó rẹ̀yìn dáadáa. Níbi tí wọ́n ti ń mú iná lọ lójoojúmọ́, ẹni tó ń lo tirẹ̀ gbẹ lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ yóò jẹ 500 náà tán kí ọdún kan àtààbọ̀ tó pé. Lẹ́yìn ìyẹn, bí iná bá ti lọ, ẹ̀rọ á kú lójijì lẹ́nu iṣẹ́, fáìlì á bàjẹ́, Windows lè kọ̀ láti tan, olówó rẹ̀ á ní láptọ́ọ̀pù òun ti dópin. Bátìrì nìkan ló kú. Èyí tó ń rìn bí ìgbín náà, dísìkì alátijọ́ tó ń yí ló sábà ń fà á. SSD, ìyẹn dísìkì tí kì í yí, á sọ ọ́ di ọ̀tun. Ṣájà, bọ́tìnnì àti ojú ẹ̀rọ ṣeé pààrọ̀ bákan náà. (Bátìrì tó bá wú, ẹ má fi iná sí i mọ́ rárá.)

Bọ́ọ̀dù, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà yòókù so mọ́, ló yàtọ̀. Bí iná tó dé pẹ̀lú agbára bá jó o, tàbí omi wọ inú rẹ̀, àtúnṣe lè di iṣẹ́ tí kò lópin, nítorí ìpẹtà ṣì ń jẹ ibi tí ojú kò tó. Nígbà náà, mo gbà, ẹ ra òmíràn.

Àwọn kan á ní Windows 10 ti tán: Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ rẹ̀ dúró ní 14 Oṣù Kẹwàá 2025, Windows 11 kì í sì í gba èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀rọ Intel tó ṣáájú ìran kẹjọ, tó jáde lọ́dún 2017. Òótọ́ ni. Àmọ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn iléeṣẹ́ òkèèrè ní ìdí láti tà dànù báyìí, torí náà ẹni tó ń sá fún un lè tún fowó ara rẹ̀ rà á padà. Kó yẹ ìran Intel wò kó tó sanwó, tàbí kó fi Linux sínú ti àtijọ́. Àwọn mìíràn á ní dọ́là ni wọ́n fi ń ra ẹ̀yà náà, láti ìgbà tí náírà sì ti já lulẹ̀ ní Oṣù Kẹfà 2023, àtúnṣe pẹ̀lú ti wọ́n. Ó wọ́n, ṣùgbọ́n owó ẹ̀yà kan kọ́ ni owó odindi ẹ̀rọ. Ti pé alátùn-únṣe lè fi ayédèrú pààrọ̀ ẹ̀yà gidi, ẹ jẹ́ kó tú u lójú yín, kẹ́ ẹ sì gba ògbólógbòó ẹ̀yà náà padà.

Èyí tí bọ́ọ̀dù rẹ̀ kú pàápàá ṣì wúlò: alátùn-únṣe á ra RAM àti ojú rẹ̀ láti fi tún ti ẹlòmíràn ṣe. Ẹ yọ dísìkì kí ẹ tó tà á. Fáìlì yín ṣì wà nínú rẹ̀.