Igbe Inú Fóònù: Ipa Èdè Yorùbá nínú Áàpù fún Ìdáàbòbò Obìnrin

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Láyé àtijọ́, bí obìnrin bá figbe ta nínú agboolé pé "Ẹ gbà mí o!", kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń pè. Dandan ni fún gbogbo ẹni tí etí rẹ̀ bá gbọ́ ọ láti jáde. Lónìí, ọmọbìnrin tí ó ti ìsọ̀ pa ní Arakale ní Àkúrẹ́ nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú lè máa dá nìkan wọ ọ̀kadà lọ sí ilé àyágbé tí aládùúgbò kò ti mọ orúkọ rẹ̀. Igbe wà lẹ́nu rẹ̀, agboolé ni kò sí nítòsí. Fóònù nìkan ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nínú iṣẹ́ yìí, a óò ṣàlàyé bí a ṣe lè ṣe ètò orí fóònù tí yóò dáàbò bo obìnrin, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní áàpù. Èrò wa ni pé igbe ni irú áàpù bẹ́ẹ̀, àti pé iṣẹ́ onímọ̀ èdè wà nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ti onímọ̀ kọ̀ǹpútà.

Bí Ó Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò ṣòro. Obìnrin yóò kọ́kọ́ yan àwọn tí ó fọkàn tán. Bí ewu bá dé, yóò tẹ bọ́tìnnì. Fóònù yóò ti ipa sátẹ́láìtì mọ ibi tí ó wà, yóò sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn rẹ̀. Irú rẹ̀ ni Circle of 6 ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ó gbẹ̀bùn nínú ìdíje tí ìjọba ibẹ̀ ṣe ní ọdún 2011. Ènìyàn mẹ́fà ni oníṣẹ́ ń yàn nínú rẹ̀. HarassMap ti ilẹ̀ Íjíbítì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2010, gba ọ̀nà mìíràn. Àwọn ènìyàn ń ròyìn ibi tí wọ́n ti yọ obìnrin lẹ́nu, a sì ń fi í hàn lórí máàpù.

Ẹni tí yóò ṣe irú rẹ̀ fún Arakale gbọ́dọ̀ ro nǹkan mẹ́ta. Èkíní, dátà lè tán. Àtẹ̀jíṣẹ́ lásán kò nílò dátà, nítorí náà òun ni ó yẹ kí a gbára lé. Èkejì, fóònù kékeré ni ó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Irú nọ́ńbà oníràwọ̀ tí a fi ń ra káàdì ìpè lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ̀kẹta, ẹni tí obìnrin ń sá fún lè jẹ́ ẹni tí ń yẹ fóònù rẹ̀ wò. Kò yẹ kí orúkọ áàpù náà tú àṣírí rẹ̀.

Ta Ni Yóò Gbọ́?

Igbe tí kò rí olùgbàlà kò yàtọ̀ sí ìdákẹ́jẹ́. Ní ọjọ́ 26, oṣù kejì, ọdún 2022, Bámiṣe, ọ̀dọ́mọbìnrin ẹni ọdún 22, wọ bọ́ọ̀sì BRT ní Èkó. Nígbà tí ara fu ú, ó fi ohùn ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti inú ọkọ̀ náà. Òkú rẹ̀ ni a rí lẹ́yìn náà. Ilé-ẹjọ́ dá awakọ̀ náà lẹ́bi ní ọdún 2025. Fóònù ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, ọ̀rẹ́ sì gbọ́. Ohun tí kò sí ni ọwọ́ tí ìbá tètè dá bọ́ọ̀sì náà dúró.

Nítorí náà, áàpù gbọ́dọ̀ so ọ̀rẹ́ mọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Nọ́ńbà pàjáwìrì orílẹ̀-èdè wa ni 112. Òfin ìjọba àpapọ̀ tí ó tako ìwà ipá sí ènìyàn jáde ní ọdún 2015. Ìpínlẹ̀ Oǹdó fọwọ́ sí tirẹ̀ ní ọdún 2021, ó sì ní àjọ tí ń gbógun ti ìwà ipá akọ sábo. Ó yẹ kí ọ̀nà tí a lè gbà dé ọ̀dọ̀ wọn wà nínú áàpù náà.

Ọ̀rọ̀ Tí A Óò Kọ

Ibí ni iṣẹ́ wa wà. Ẹ jẹ́ kí a wo gbólóhùn méjì:

(a) Ó ba ọmọ náà jẹ́.
(b) Ó fipá bá ọmọ náà lò pọ̀.

Àwọn ènìyàn ń lo méjèèjì fún ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà. Ṣùgbọ́n ohun tí (a) ń sọ ni pé ọmọ náà ti di ohun tí ó bàjẹ́. Ara rẹ̀ ni ìtìjú lẹ̀ mọ́. (b) dárúkọ ipá, ó sì fi ẹ̀bi sí ọrùn ẹni tí ó lò ó. Ọmọbìnrin wo ni yóò tẹ bọ́tìnnì tí a kọ "Wọ́n ti bà mí jẹ́" sí? Bákan náà ni "ìjà tọkọtaya". Ẹni méjì ní í jà. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnì kan ni ó ń lu ẹnì kejì, "Ó ń lù mí" ni òótọ́ ọ̀rọ̀.

Àtẹ̀jíṣẹ́ náà pàápàá gbọ́dọ̀ kúrú. "Ẹ gbà mí. Ibi tí mo wà nìyí. Ẹ má pè mí padà" ti tó. "Ẹ" yẹ àgbà, ó sì yẹ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Gbólóhùn ìkẹyìn ṣe pàtàkì, nítorí pé agogo fóònù lè tú ẹni tí ó sá pamọ́ fó. Fún ẹni tí kò lè kàwé, kí a gba ohùn sílẹ̀, kí a sì fi dán àwọn oníṣòwò Àkúrẹ́ àti ti ìlú Oǹdó wò, nítorí ẹ̀ka-èdè wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ìkádìí

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, iṣẹ́ yìí kò nílò kọ̀ǹpútà kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín ní ìwé pélébé, kí wọ́n ya ojú fóònù sí i. Kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ tí ó yẹ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì sọ ìdí rẹ̀. Kí wọ́n kọ orúkọ àgbàlagbà mẹ́ta tí wọ́n lè ké pè. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá rí ẹnikẹ́ni kọ ti sọ̀rọ̀ fún olùkọ́ rẹ̀. Kí olùkọ́ náà má ṣe jẹ́ kí ó sọ ọ́ lásán.