Onífọ́tò Tí Ó Ń Lo Fíìmù Lè Bọ́ Lọ́wọ́ Owó Oṣooṣù

Ní Pápá Àjàó, ní àgbègbè Mushin, ẹni tí ó bá ń wá ẹ̀yà ara ọkọ̀ kì í pẹ́ mọ ọ̀nà ọjà Ládípò. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni apá rẹ̀ ká tuntun. Tòkúnbọ̀ tí ó dára ni ọ̀pọ̀ ń rà, ọkọ̀ wọn a sì máa rìn. Irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí onífọ́tò tí ó ṣì ń lo fíìmù lò nípa ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún àwòrán ṣe. Èyí tí ó lókìkí jù ń gba owó lóṣooṣù, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà tí a kì í san kọ́bọ̀ lé lórí, tí wọ́n sì tó iṣẹ́ náà í ṣe.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni fíìmù ní í ṣe pẹ̀lú kọ̀ǹpútà. Ní àtijọ́, inú yàrá òkùnkùn ni gbogbo iṣẹ́ náà ti ń parí. Olóògbé J. D. 'Okhai Ojeikere, tí òkìkí rẹ̀ kàn dé òkè-òkun nítorí àwòrán irun dídì àwọn obìnrin Nàìjíríà, inú irú yàrá bẹ́ẹ̀ ni ó ti ṣiṣẹ́ ní ọdún 1954, gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́ ní Ilé-iṣẹ́ Ìròyìn ní Ìbàdàn. Àwọn onífọ́tò ìgbà náà a máa fi pẹ́ńsù tí ó mú ṣóṣó tún ojú nẹ́gátíìfù ṣe, kí àpá ojú oníbàárà má baà hàn. Lónìí, ìwọ̀nba ni àwọn tí ó ṣì ní yàrá òkùnkùn. Nígbà tí a bá ti fọ fíìmù tán, a ó gbé e sórí sìkánà, tàbí kí a fi kámẹ́rà ìgbàlódé yà á lórí iná funfun. Ohun tí yóò wọ inú kọ̀ǹpútà kò tíì di àwòrán: dúdú ti di funfun, funfun ti di dúdú. Ti fíìmù aláwọ̀ tilẹ̀ le jù, nítorí pé àwọ̀ kan tí ó dà bí ọsàn pípọ́n wà lára rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́. Bí a bá kàn yí i padà lásán, gbogbo rẹ̀ yóò rí bí aṣọ tí a rẹ láró.

Ètò tí ọ̀pọ̀ onífọ́tò mọ̀ fún àtúnṣe yìí ni Photoshop àti Lightroom, ti ilé-iṣẹ́ Adobe ní Amẹ́ríkà. Nígbà kan rí, ẹni tí ó bá ra Photoshop ti rà á nìyẹn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2013 ni ilé-iṣẹ́ náà kéde pé àwọn ẹ̀dà tuntun yóò di ohun tí a ń sanwó lé lórí láti ìgbà dé ìgbà. Lightroom 6, tí ó jáde ní 2015, sì ni ìkẹyìn rẹ̀ tí a lè rà pátápátá. Iye tí wọ́n kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ fún àwọn onífọ́tò jẹ́ nǹkan bíi dọ́là 10 lóṣù, èyí tí í ṣe 120 lọ́dún. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí dọ́là kan jẹ́ nǹkan bíi náírà 460 ní iye ti ìjọba, dọ́là 120 jẹ́ nǹkan bíi náírà 55,000. Nígbà tí yóò fi di oṣù kejì ọdún 2024, dọ́là ti tó náírà 1,500, owó kan náà sì ti di náírà 180,000.

Ìnira kejì burú ju ti owó lọ. Bí a kò bá san owó Lightroom Classic mọ́, a ṣì lè wo àwòrán wa níbẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí a ti ń tún un ṣe yóò tì pa. Ẹni tí ó ti kó iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá síbẹ̀ yóò wá dà bí ẹni tí ń wo oúnjẹ inú gíláàsì.

Èyí tí ó bá onífíìmù mu jù nínú àwọn ọ̀fẹ́ ni darktable, tí àwọn tí ó yọ̀ǹda ara wọn ń ṣe láti ọdún 2009. Ní ọdún 2020 wọ́n fi irinṣẹ́ kan tí ń jẹ́ negadoctor kún un, nítorí nẹ́gátíìfù nìkan. Ohun àkọ́kọ́ tí a ó ṣe ni kí a fi etí fíìmù hàn án, níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò kàn rárá. Láti ibẹ̀ ni yóò ti dá àwọ̀ ọsàn náà mọ̀, tí yóò sì yọ ọ́ kúrò. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń ya nẹ́gátíìfù sínú kọ̀ǹpútà kò gbọdọ̀ gé etí rẹ̀ dànù. Ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ ní yàrá òkùnkùn rí yóò tún bá ọ̀rọ̀ àtijọ́ pàdé níbẹ̀, bí irú ìpele bébà tí a ń yan. RawTherapee náà ní irinṣẹ́ fún nẹ́gátíìfù láti ọdún 2019.

GIMP, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Kalifọ́níà ní Berkeley ní 1995, ni ó dára fún pípa eruku àti ìfàyà rẹ́, iṣẹ́ tí pẹ́ńsù ń ṣe láyé ọjọ́un. Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà lè lo Snapseed ti Google lórí fóònù. Nínú irinṣẹ́ rẹ̀ tí ń jẹ́ Curves, kí ó fa òpin ìlà ti apá òsì lọ sókè pátápátá, kí ó sì fa ti apá ọ̀tún wá sílẹ̀. Àwòrán dúdú-òun-funfun yóò yí padà lójú ẹsẹ̀. Ti aláwọ̀ kò ní rọrùn bẹ́ẹ̀ níbẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ra ayédèrú Photoshop. Òfin Ẹ̀tọ́ Oníṣẹ́-ọpọlọ tí ààrẹ fọwọ́ sí ní 2023 lòdì sí i, kòkòrò kọ̀ǹpútà a sì máa bá a wọlé. Orí darktable.org àti gimp.org ni kí a ti gba ojúlówó. Òótọ́ ni pé darktable ṣòro ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ń fẹ́ kọ̀ǹpútà tí ó lágbára díẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan sùúrù yóò mọ̀ ọ́n lò.

Owó tí ó bá ṣẹ́kù kí ó lọ sórí nẹ́gátíìfù àtijọ́ tí ó wà nínú páálí ní ilé ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ooru àti ọ̀rinrin a máa ba irú fíìmù kan jẹ́, òórùn bí ti ọtí kíkan a sì máa jáde lára rẹ̀. Èyí tí ó bá ti ń rùn bẹ́ẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ yà sínú kọ̀ǹpútà, kí a sì yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ìyókù.