Ọjọ́ kan ní àfonífojì Odò Volta: Ẹwà wà lójú omi, ìtàn wà nísàlẹ̀ rẹ̀

Bí wọ́n bá dárúkọ Gánà létí àgbàlagbà ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ìnísà, Ọ̀fà tàbí Ìlọrin, òwò ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Lẹ́yìn náà ni yóò rántí oṣù kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia ní kí àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú kó ẹrù rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀rọ̀ ìgbafẹ́ kì í sí nínú ìtàn náà. Síbẹ̀, ìrìn-àjò ọjọ́ kan wà láti Accra tí ó yẹ kí ẹnikẹ́ni tó bá dé ibẹ̀ rìn.

Ibùdókọ̀ Tudu ni ẹ óò ti wọ ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní tro-tro. Akosombo tí ẹ ń lọ kò ju nǹkan bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà lọ. Bí ẹ bá ti kọjá Ashaiman àti Afienya, pápá gbalasa ni ẹ óò máa rí títí òkè Shai yóò fi yọ. Àwọn ọ̀bọ a máa jókòó sẹ́bàá títì níbẹ̀, wọn a sì máa wo èrò ọkọ̀ bí ẹni tó ń gba owó ibodè.

Láti ibẹ̀, ẹ ti wọ ilẹ̀ àwọn Krobo, àwọn tí oko ọ̀pẹ wọn ti lókìkí láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Òyìnbó a máa rìnrìn-àjò lọ wo àfonífojì tí wọ́n ń gbin àjàrà sí. Ọ̀pẹ ni àjàrà ti ìhín. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dá ẹmu yóò ya adẹ́mu wa lẹ́nu. Igbà ni tiwa fi ń gun ọ̀pẹ, igi náà yóò sì wà lóòró lẹ́yìn rẹ̀. Ní Gánà, wọ́n sábà máa ń gé ọ̀pẹ lulẹ̀ ni. Wọn á gbẹ́ ihò sí i lára, wọn á fi iná jó ojú ihò náà, ẹmu yóò sì máa sun fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ó parí nìyẹn. Inú ẹmu yìí ni wọ́n ti ń sè akpeteshie, ọmọ ìyá ògógóró wa, tí ìjọba òyìnbó fòfin dè nígbà kan.

Ní Atimpoku, ẹ óò rí afárá Adomi tí wọ́n ṣí lọ́dún 1957. Kó tó di ìgbà náà, Senchi ni wọ́n ti ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé mọ́tò sọdá. Àwọn obìnrin yóò sáré gbé edé àti ẹja wẹ́wẹ́ díndín wá bá yín lójú fèrèsé.

Akosombo ló kù. Ọdún 1961 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìsédò yìí. Nkrumah ṣí i ní ọjọ́ 22 oṣù kìíní ọdún 1966. Kò tó oṣù méjì tí àwọn ológun fi gbàjọba lọ́wọ́ rẹ̀. Adágún tó wà lẹ́yìn odi náà fẹ̀ tó 8,500 kìlómítà níbùú lóòró, ó ju ìlọ́po méjì Ìpínlẹ̀ Èkó lọ. Láti ọdún 1972 ni iná ibẹ̀ ti ń dé Togo àti orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí àwọn ìbátan wa ará Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ wà.

Ṣùgbọ́n kí iná yìí tó tàn, nǹkan bí 80,000 ènìyàn ni wọ́n kó kúrò ní abúlé tó ju 700 lọ, tí wọ́n pín sí ìlú tuntun 52. Omi bo Kete-Krachi àtijọ́, ọjà ńlá ayé ọjọ́sí. Lọ́dún 2023, nígbà tí adágún kún, tí wọ́n ṣílẹ̀kùn ìsédò, omi ya wọ Mepe, Battor àti àwọn ìlú mìíràn nísàlẹ̀ odò, ó sì lé ènìyàn tó ju 26,000 lọ kúrò nílé. Bí wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀pẹ ni wọ́n ṣe àfonífojì yìí: wọ́n gé e lulẹ̀ kí ayé lè rí ohun mu.

A kò sọ pé iná kò dára. Kainji tiwa náà bo Bussa àtijọ́ mọ́lẹ̀. Ohun tí à ń wí ni pé ẹni tó fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹlòmíràn lè tan iná kò gbọdọ̀ di ẹni ìgbàgbé, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí omi tún wá lé ọmọ rẹ̀. Wọ́n lé wa ní 1969. Nàìjíríà náà lé àwọn ará Gánà ní 1983. Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Nítorí náà, bí ẹ bá ra ẹmu létí Volta, ẹ ta díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó ti ní ilé níbi tí omi wà báyìí, kí ẹ tó mu tiyín.