Amọ̀ Òkèlélé Dé Láàbù

Ní agbo ilé Dàda, ní Òkèlélé n'Ílọrin, n kò rí òṣùwọ̀n kankan nídìí amọ̀. Ìyá tí mo bá lẹ́nu iṣẹ́ ní òkìtì méjì níwájú. Ọ̀kan dúdú, ó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Èkejì pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ẹ ó sì gbọ́ yanrìn inú rẹ̀ bí ẹ bá fi ìka rún un. Ó bu ti ibí, ó bu ti ọ̀hún, ó bomi wọ́n ọn, ó gun orí rẹ̀, ó ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí a ò fi mọ dúdú yàtọ̀ sí pupa mọ́. Ó gé díẹ̀ níbẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ yí i gbọọrọ, ó ká a mọ́ ìka. Kò sán.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Àlàájà. Kí lẹ fi mọ̀ pé ó ti tó?"

"Ọwọ́ ló ń mọ̀ ọ́n, ọmọ mi. Bó bá lẹ̀ jù, yóò sán lójú oòrùn. Bí yanrìn bá pọ̀ jù, kò ní í gbà kí n nà án." Ó rẹ́rìn-ín. "Kí lo tún fẹ́ mọ̀?"

Mo fẹ́ mọ̀ púpọ̀. Bí a bá gbé nǹkan lọ fún àyẹ̀wò, ohun tí à ń béèrè kì í ju ẹyọ kan lọ: irin tó wà níbẹ̀ ńkọ́, òjé ńkọ́, wúrà ńkọ́? A kì í sábà béèrè ohun tí irin tàbí òjé náà bá gbé. Lójú tèmi, ìbéèrè tí a fi sílẹ̀ yẹn ló lágbára jù, torí ara tí nǹkan wà nínú rẹ̀ ló ń pinnu bí yóò ṣe hùwà, òun náà ló sì ń pinnu ohun tí ẹ̀rọ máa sọ nípa rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ń po ara náà fúnra rẹ̀.

Amọ̀ tó ń lẹ̀ yẹn kún fún àwọn èérún pẹlẹbẹ tó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí wọn. Omi ló wà láàárín wọn, òun ló jẹ́ kí ọ̀kan lè yọ̀ lórí èkejì nígbà tí Àlàájà ń nà án. Bí omi bá gbẹ, àwọn èérún náà á sún mọ́ra, ìkòkò á sì súnkì. Ibi tó tètè gbẹ á máa fa ibi tí kò tíì gbẹ. Ibẹ̀ ni sísán ti ń wá. Yanrìn kì í súnkì. Bó bá pọ̀ tó láàárín wọn, fífà náà á dínkù. Àwọn amọ̀kòkò ibòmíràn máa ń gún àpáàdì ìkòkò àtijọ́ kúnná, wọ́n á pò ó mọ́ amọ̀ tuntun fún iṣẹ́ kan náà. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yẹn ju ti yanrìn lọ: àpáàdì ti la iná kọjá rí, bí iná bá sì tún dé, òun àti amọ̀ tó yí i ká jọ ń fẹ̀ ní ìwọ̀n tó súnmọ́ra.

Kò sí ẹ̀rọ tí ń yí amọ̀ ní Òkèlélé. Ìkòkò ògbólógbòó kan ni wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Àlàájà tẹ́ amọ̀ pẹlẹbẹ lé ìdí rẹ̀, ó ń lù ú títí ó fi gba ìrísí rẹ̀. Nígbà tó le díẹ̀, ó yọ ọ́, ó fi amọ̀ gbọọrọ mọ ọrùn sí i. N kò ní pẹ́ lórí ọnà tí wọ́n ń fín sí i lára. Ẹni tó bá fẹ́ rí i, kó lọ síbẹ̀.

Iná ni mo dúró wò. Wọ́n to àwọn ìkòkò gbígbẹ jọ sórí ilẹ̀ gbalasa, wọ́n fi igi àti koríko bò wọ́n, wọ́n ṣáná sí i. Irú iná ìta bẹ́ẹ̀ kì í sábà ju nǹkan bí 900°C lọ. Kó tó gbóná jìnnà, omi tó ṣẹ́kù ní láti wá ọ̀nà jáde, ìkòkò tí kò bá sì gbẹ dénú, ooru omi á fọ́ ọ. A gbọ́ ọ̀kan tó dún gbàmù. Kò sẹ́ni tó bojú wẹ̀yìn. Láàárín nǹkan bí 450 sí 600°C ni amọ̀ ń pàdánù omi mìíràn, èyí tó so mọ́ inú èérún rẹ̀ gan-an. Bí ìyẹn bá ti lọ, ó ti parí nìyẹn: omi ò tún lè sọ ọ́ di ẹrẹ̀ mọ́. Ní 573°C ni quartz inú yanrìn ń yí ìtò ara rẹ̀ padà, tó sì ń fẹ̀ lójijì. Yanrìn tó gbà wá lọ́wọ́ oòrùn lè di ọ̀tá nínú iná bí ó bá pọ̀ jù.

Èyí tó burú jù ni kí òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì wà nínú amọ̀ láìkúnná. Iná á lé gáàsì inú rẹ̀ jáde, á sọ ọ́ di láìmù. Ìkòkò á jáde nínú iná, á dára lójú, wọ́n á tiẹ̀ tà á. Láìmù á wá máa fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra díẹ̀díẹ̀, á wú, á sì ta ara ìkòkò dànù ní ìpaapa.

Nígbà tí iná ń rọlẹ̀, wọ́n fi igi gígùn wọ́ ìkòkò tó ṣì ń pọ́n wẹ̀ẹ̀ jáde, wọ́n da omi èèpo igbá lé e lórí. Ó ta ṣàà, èéfín bo gbogbo wa. Ara ìkòkò náà jáde dídán, ó pọ́n, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ kan tó ti wà lábẹ́ eérú níbi tí afẹ́fẹ́ ò dé dúdú kirikiri. Irin tó wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kò yàtọ̀. Ẹni tó bá mú iye irin nìkan lọ́wọ́ kò lè sọ àwọ̀ ìkòkò yìí fún yín láéláé.

"Omi igbá yìí ló ń dí i lójú," Àlàájà sọ fún mi. "Bí ò bá sí i, á máa jò."

Díẹ̀ nínú jíjò náà wúlò ṣá. Àmù ń mú omi tutù nítorí pé omi ń rọra yọ sí ara rẹ̀, tí afẹ́fẹ́ sì ń gbé e lọ. Ìṣaasùn náà nílò àwọn ihò wẹ́wẹ́ àti èérún yanrìn rẹ̀, torí bí iná bá dédé mú un, tí ìsán kékeré kan bá bẹ̀rẹ̀, ibi ihò tàbí èérún ni yóò dúró sí. Ẹ sọ amọ̀ náà di ohun líle tí kò ní ihò rárá, ẹ gbé e ka iná igi, ẹ ó rí i bí yóò ṣe là sí méjì.

Mo bu amọ̀ pípò díẹ̀ sínú ọ̀rá, mo gba àpáàdì kan mọ́ ọn, ó di ọ̀nà láàbù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má retí èsì lónìí o," ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà níbẹ̀ bá mi sọ. Ó ti amọ̀ náà sínú ààrò gbígbẹ tó wà ní 105°C, ó di ọjọ́ kejì. Nígbà tí mo padà dé, ó ń lọ̀ ọ́ nínú odó kékeré tí wọ́n fi òkúta agate gbẹ́. Kì í lo odó irin, torí irin odó á wọ inú amọ̀, á sì di irin Òkèlélé lórí ìwé. Ó wọ̀n ọ́n, ó gbé e wọ inú ìléru tó wà ní 1,000°C, ó tún un wọ̀n. Amọ̀ kaolin tó mọ́ pátápátá máa ń pàdánù nǹkan bí 14% ìwúwo rẹ̀ nínú irú iná bẹ́ẹ̀. Omi inú èérún rẹ̀ ló ń lọ. Àpáàdì kò fi bẹ́ẹ̀ pàdánù nǹkan kan, iná Àlàájà ti gba tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìwọ̀n yìí ṣe pàtàkì nítorí pé ẹ̀rọ tó tẹ̀ lé e kò lè rí omi. Bí ẹ ò bá kọ ọ́ sílẹ̀, àròpọ̀ gbogbo ohun tó wà nínú amọ̀ kò ní í dé ọgọ́rùn-ún.

Ẹ̀rọ náà ń ta ìtànṣán ẹ́ksíréè sí amọ̀, èròjà kọ̀ọ̀kan á sì dá ìtànṣán tirẹ̀ padà. Ó dà bí ohun tó rọrùn. Ṣùgbọ́n ìtànṣán silicon kò lágbára: ìpele òkè tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun orí lọ nìkan ló ti lè jáde. Bí èérún quartz ńlá kan bá wà níbẹ̀ tí amọ̀ wẹ́wẹ́ bò ó lójú, ẹ̀rọ á rí amọ̀, kò ní í rí quartz dáadáa. Ti irin ń wá láti ìsàlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò tán síbẹ̀: ìtànṣán tí irin dá padà á tún lọ ta titanium tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jí, titanium á wá pọ̀ lórí ẹ̀rọ ju bó ṣe pọ̀ nínú amọ̀ lọ. Amọ̀ ilẹ̀ wa sì rèé, irin pọ̀ nínú rẹ̀.

Ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣe sí i ni pé ó ba ara náà jẹ́, ó fún un ní ara mìíràn. Ó po ìyẹ̀fun amọ̀ mọ́ lithium borate tó pọ̀ jù ú lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, ó gbé e sínú ìkòkò platinum kékeré, ó yọ́ ọ ní ohun tó ju 1,000°C lọ, ó dà á sínú àwo. Ó gbé e sókè síwájú gílóòbù: dígí pẹlẹbẹ, ó mọ́ gaara, irin inú rẹ̀ ló jẹ́ kó pọ́n díẹ̀. Quartz ti tán, èérún ti tán, gbogbo àpẹẹrẹ tó bá wọ inú dígí bẹ́ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ara kan náà, a sì lè fi ọ̀kan wé èkejì.

Lórí ẹ̀rọ kejì, calcium ló fẹ́ fi hàn mí. Alan Walsh, tó ń ṣiṣẹ́ ní Ọsirélíà, ló gbé ọ̀nà tí ẹ̀rọ yìí ń lò jáde lọ́dún 1955. Wọ́n á fi ásíìdì tú amọ̀ di omi, wọ́n á fẹ́ omi náà sínú iná acetylene, wọ́n á tan ìmọ́lẹ̀ la inú iná náà kọjá. Iye tí àtọ́ọ̀mù calcium bá gbé mì nínú ìmọ́lẹ̀ yìí ló ń sọ bí ó ṣe pọ̀ tó. Ó gbé ìgò méjì kalẹ̀. Calcium inú wọn dọ́gba, ojú mi ló ṣe wọ̀n ọ́n. Ó kán phosphate sínú ọ̀kan. Nọ́ńbà ìgò yẹn já wálẹ̀.

"Ẹ ò rí i? Calcium ò kúrò níbẹ̀ o."

Lóòótọ́ kò kúrò. Phosphate ló ti so mọ́ ọn, wọ́n sì di nǹkan tí iná yẹn, pẹ̀lú nǹkan bí 2,300°C tó ní, kò lè tètè tú. Aluminium náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí calcium, bẹ́ẹ̀ aluminium ni amọ̀ fi ṣe ara. Ó kán lanthanum sí i. Lanthanum fa phosphate mọ́ra, calcium bọ́, nọ́ńbà gun padà sókè. Ẹni tó bá gba nọ́ńbà tó já wálẹ̀ yẹn lọ sílé kì í ṣe òpùrọ́, ẹ̀rọ rẹ̀ ò bàjẹ́, àmọ́ ìmọ̀ràn tí yóò fún àgbẹ̀ tàbí amọ̀kòkò lórí rẹ̀ kò ní í sunwọ̀n.

Ìgbà tí ìléru ń tutù ni ọ̀rọ̀ Ifẹ̀ wọlé. Ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń hú ìlẹ̀kẹ̀ dígí àti àpáàdì ìkòkò tí dígí yọ́ mọ́ nínú. Leo Frobenius, ará Jámánì, débẹ̀ lọ́dún 1910. Àwọn kan gbà tipẹ́tipẹ́ pé dígí òkè òkun ni àwọn ará Ifẹ̀ kàn ń tún yọ́. Abídèmí Babalọlá wa ilẹ̀ níbẹ̀ láàárín 2011 àti 2012, ìlẹ̀kẹ̀ tó jáde lé ní 12,000.

Àwọ̀ búlúù wọn ló ń kọ́kọ́ fa ojú, cobalt díẹ̀ ló sì wà nídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe cobalt ló yanjú ọ̀rọ̀. Dígí ayé àtijọ́ láti àyíká òkun Mẹditaréníà ní sódà púpọ̀, alumina rẹ̀ (aluminium tó so mọ́ oxygen) kéré. Ti Ifẹ̀ ní láìmù àti alumina púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sábà máa ń lé ní 10%. James Lankton, Akin Ige àti Thilo Rehren kọ ọ́ jáde lọ́dún 2006 pé ní gúúsù Nàìjíríà ni wọ́n ti ṣe irú dígí bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú ìwádìí ọdún 2018, Babalọlá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀yà kejì kún un, èyí tí alumina rẹ̀ pọ̀ àmọ́ tí láìmù rẹ̀ kò pọ̀.

Lésà ni wọ́n fi ń gbẹ́ irú ìlẹ̀kẹ̀ bẹ́ẹ̀ wò, ihò rẹ̀ kéré débi pé ojú lásán kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí i. Ẹ̀rọ náà ní láti ní dígí mìíràn tí a ti mọ ohun inú rẹ̀, tí yóò fi máa ṣe ìwọ̀n. Mẹ́rin tó gbajúmọ̀ jù nínú iṣẹ́ dígí àtijọ́, Corning A, B, C àti D, wọ́n ṣe wọ́n láti jọ dígí Íjíbítì àti Mẹsopotámíà, ti Ìlà-Oòrùn Éṣíà, àti ti Yúróòpù ìgbà àárín. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí alumina rẹ̀ dé 6%. Wọ́n máa ń lo ju ẹyọ kan lọ pa pọ̀, wọ́n á sì fi ìṣirò dí àlàfo, nítorí náà èsì náà ṣeé gbára lé. Síbẹ̀, mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin náà léèrè ìdí tí ẹnì kan ò fi lè yọ́ ẹ̀karùn-ún tí láìmù àti alumina rẹ̀ bá ti Ifẹ̀ mu. Ó ní ó ṣeé ṣe dáadáa, àmọ́ ìkòkò platinum kan ṣoṣo ni láàbù àwọn ní, amọ̀ àwọn tó ń ṣe bíríkì ló sì wà nínú ìlà fún un títí di oṣù tó ń bọ̀.